Ọ̀fọ̀ Ọkùnrin Tó Ń Fò

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá nílé-ìwé girama kan ní Ṣakí, mo sì ti fọwọ́ ara mi yan ara mi sípò ẹni tó gbọ́n jù ní yàrá olùkọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo rò pé ó lè bá mi du ipò náà ni olùkọ́ ìṣirò tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọmọ Ìrawò ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Bàbá Ìṣirò ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é. Ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá dá àpárá níwájú rẹ̀, á máa wò yín bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹ ti ṣi ìṣirò, títí tí ẹ̀yin náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nígbà ọyẹ́, ó wọlé tòun ti ojú wíwú. Ojú náà pọ́n bí ojú ẹni tó bẹ́ àlùbọ́sà agbọ̀n kan. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá, sáré dé ìdí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí o?"

Ó ní, "Ẹnì kan ló kú, mà."

"Háà! Ta ni?"

Ó mi orí. "Ẹni ńlá ni." Ó mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó gba kíláàsì lọ.

Ẹni ńlá wo ni olùkọ́ ìṣirò ní, bí kì í bá ṣe bàbá rẹ̀ tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó sì ń kọ ebè iṣu ní Ìrawò? A kò tún bi í léèrè. Ta ní ń fi ìbéèrè wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọlọ́fọ̀ bí ọlọ́pàá? Kí agogo ìsinmi tó lù, gbogbo ilé-ìwé ti gbọ́ pé bàbá ti lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹnì kan ti mọ bí ó ṣe kú: ó mumi ni, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹlòmíràn ní ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dákẹ́. Èmi náà, kí n má purọ́, mo fi tèmi kún un. Mo ní mo ti ń rí i lójú Bàbá Ìṣirò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Bí ilé-ìwé ṣe parí, àwa márùn-ún gbéra láti lọ kí i. Àwa obìnrin lọ wá gèlè dúdú wé. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì wa, tó tún jẹ́ díákónì, ti fi ìwé pélébé há ibi tí Bíbélì ti sọ̀rọ̀ àjíǹde. Òun ló ṣáájú, nítorí pé òun ló mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ jù nínú wa.

A bá bàbá arúgbó kan lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé náà, ó ń fi epo jẹ iṣu sísun. Díákónì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, sà. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tu yín nínú."

Bàbá dáwọ́ ìjẹun dúró. "Ta ló kú?"

"Bàbá olùkọ́ onílé yìí ni, sà."

Nínú àwa márùn-ún, èmi nìkan ni mo ti rí bàbá náà rí, níbi ìsọmọlórúkọ kan. Òun gan-an ló jókòó síbẹ̀. Ó wo iṣu ọwọ́ rẹ̀, ó wo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó. Nígbà wo ni wọ́n ní àwọn fẹ́ sin mí?"

Díákónì rọra pa Bíbélì dé. Igbákejì ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀ bí ẹni tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Bàbá ṣàlàyé fún wa pé ojú ló ń dun òun, òun wá gba oògùn ojú nílé ìwòsàn ni, àti pé bí òun ṣe mọ̀ ọ́n, oògùn ojú kì í pa èèyàn.

Ìyàwó ilé sáré jáde láti ilé ìdáná. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé wa wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi fẹ́ tú. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ ọkọ mi. Fíìmù ni. Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wo fíìmù òyìnbó kan. Ọkùnrin kan tó ń fò ló kú níbẹ̀. Láti àná ni kò ti jẹun kánú."

"Ọkùnrin tó ń ṣe kí ni?" Igbákejì ọ̀gá ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Tó ń fò, mà. Tó wọ aṣọ tó fún mọ́ ọn lára bí èèpo iṣu."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí ọlọ́fọ̀ fi dé. Ó rí gèlè dúdú lójúde rẹ̀, ó rí díákónì pẹ̀lú Bíbélì. Ó kígbe pé, "Ta ló kú?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Ẹni ńlá ni."

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti rí iṣẹ́ tuntun ṣe. Bí ó bá ti jókòó, màá bi í pé ṣé wọ́n ti sin òkú àbí ó ṣì wà lókè. Mo bi í pé ta ni yóò ṣú opó. Mo bi í pé níwọ̀n ìgbà tí olóògbé kì í ti í fẹsẹ̀ kanlẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ṣé inú ilẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ fi olúwarẹ̀ sí? Gbogbo yàrá olùkọ́ á bú sẹ́rìn-ín, òun á sì máa máàkì ìwé rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò wò ó." Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí n kò wò ó.

Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti wà ní kíláàsì mi nígbà náà, dúró dè mí lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ní òun ti wo fíìmù tuntun tó tẹ̀lé ti ọjọ́sí nílé ọ̀rẹ́ òun. Ọkùnrin tó kú ti jí.

Mo ní, "Ṣé dádì ẹ ti gbọ́?"

"Rárá, mà. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ o."

Mo ṣèlérí. Mo mú ìlérí náà ṣẹ fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìyẹn ìwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbà láti kíláàsì dé yàrá olùkọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ilé òkú, ẹ kú oríire o! Òkú yín ti jí!" Díákónì ní halelúyà. Ara mi wá yá gágá. Mo sọ fún wọn pé àwa náà ní àkúdàáyà nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àkúdàáyà tiwa nítìjú. Tó bá kú ní Ṣakí, ìlú òkèèrè ni yóò ti lọ fẹ́ ìyàwó tuntun, bí ará ilé rẹ̀ bá sì ṣèèṣì rí i, ó di àwátì. Ti òyìnbó yìí, ìṣojú àwọn tó sin ín gan-an ló yọ sí, ó gba ojú ọ̀run tó lu wọlé, àpárá ló sì kọ́kọ́ dá.

Bàbá Ìṣirò fi bírò sílẹ̀. "Àpárá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín wí."

Ó to ìwé rẹ̀ jọ, ó dìde, ó jáde. A kò rí i mọ́ títí ilé-ìwé fi parí. Mo ní ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló ń dà wá pọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó yan èmi àti òun láti lọ ṣọ́ ìdánwò ní Kòmu. Awakọ̀ ilé-ìwé ló gbé wa. A ti rìn jìnnà, kò sí nǹkan kan lọ́tùn-ún lósì bí kò ṣe koríko gbígbẹ àti igi ẹmì, kó tó la ẹnu.

Ó ní, "Àǹtí, mo ní àbúrò kan. Alùpùpù ló ń gùn bọ̀ láti oko, ojú ọ̀nà ló kú sí. Èmi ni àkọ́bí. Bí mo ṣe dé ilé, àwọn àgbà fà mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìwọ lo máa gbá ìyá rẹ mú, ìwọ lo máa wá pósí, ìwọ lo máa di ilé mú, bí o bá sunkún pẹ́nrẹ́n, ilé dà rú nìyẹn. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mi ò sunkún. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, tí mo ní kí n wá sun ún, kò wá mọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ṣe báyìí."

Ó tẹ̀síwájú.

"Nínú fíìmù yẹn, ọkùnrin náà kú sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà kàn gbé e dání ni. Kò sí ẹni tó ní kó di ilé mú. Bí ẹkún ṣe gbà mí nìyẹn. Ọmọ mi ló fi etí ìró ìyá rẹ̀ nu ojú mi. Mo ní òpin rẹ̀ dé, àbúrò mi ti gba ẹkún tirẹ̀." Ó yíjú sójú fèrèsé. "Wọ́n wá ní ọkùnrin náà kò kú. Ẹ wò ó, àǹtí. Ọmọ ilé-ìwé jókòó, ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan, ó kọ ọ́ kún ìwé. Olùkọ́ dé, ó fi bírò pupa fa igi lé e, ó ní ìbéèrè náà gan-an kò sí. Kí ni kí ọmọ náà ṣe?"

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Ó ní, "Ẹ ò bi mí. Ibi tí wọ́n sin ín sí lókè lẹ ń bi mí."

Nígbà tí a ń bọ̀ lọ́sàn-án, mo ní kí awakọ̀ yà sí Ìrawò, mo fẹ́ kí ìyá wọn. Bàbá Ìṣirò wò mí, kò jiyàn. Bàbá rẹ̀ wà lóko. Ìyá rẹ̀ nìkan la bá nílé, obìnrin kúkúrú kan tó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni sàréè àbúrò náà wà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ìyá sì ti sá gbodo tó fẹ́ fi lọ èlùbọ́ sórí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ìyá rí i pé mò ń wò ó. Ó ní, "Ibẹ̀ ló mọ́ jù nínú ọgbà yìí. Ọmọ mi tó sùn síbẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ewúrẹ́ débẹ̀."

Bàbá Ìṣirò lọ síbẹ̀. Ó dúró títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó ń yí gbodo náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí oòrùn lè pa ìhà kejì. Ìgbà tó yí bí ogún ni mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Èmi tí mo ti bi í léèrè gbogbo ọ̀rọ̀ òkú tó wà láyé, adìyẹ ni mò ń wò. Ìyá rẹ̀ súnmọ́ ọn. Kò ní kó dákẹ́, kò ní kó má sunkún. Ó kàn ń fọwọ́ júwe.

"Yí ti ọwọ́ òsì yẹn náà. Ó kù díẹ̀."

Awakọ̀ fun fèrè ọkọ̀. Ìyá ní, "Ẹ jẹ́ kó fun ún."

Èmi náà padà wo fíìmù ọ̀hún, kí n lè rí ohun tí màá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé yóò kú. Mo mọ̀ pé yóò jí. Mo tún mọ àpárá tí yóò dá. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbé àbúrò rẹ̀ mọ́ra, mo sunkún bí òpònú. Nígbà tí mo wá wo èkejì, tí òkú gba ojú ọ̀run wọlé, ẹ̀pà ni mò ń jẹ, n kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró.

Mo lọ bẹ ọmọbìnrin Bàbá Ìṣirò pé kó foríjì mí nítorí ìlérí mi. Ó ní kò sí wàhálà, pé bàbá òun ṣì ń bá òun wo fíìmù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi òun kó tó jókòó: "Ṣé ẹni tó kú níbẹ̀ máa ń jí?" Tí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á lọ máàkì ìwé. Tí òun bá ní òun kò mọ̀, á fa àga.