Wọ́n Ti Gé Fenouil Màámi

Ẹ̀gbọ́n màámi gé fenouil màámi lulẹ̀ láàárọ̀ yìí. Gbogbo ẹ̀ pátá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá sílé wa ní Sanguéra mọ̀ ọ́n: ewéko tó ga jù mí lọ, tí òdòdó ẹ̀ ń ṣí bí agbòòrùn kéékèèké. Omi ẹ̀ ni màámi máa ń sè fún ọmọ tí inú bá ń run. Látìgbà tí màámi ti kú, mò ń dúró kí èso ẹ̀ gbẹ kí n lè kó irúgbìn.

Mo délé, ilẹ̀ ti mọ́ fóo.

“Màmá, kí lẹ ṣe yìí?” mo bi ẹ̀gbọ́n màámi.

“Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ogójì ọjọ́ ìyá ẹ. Ṣé kí wọ́n bá koríko lójúde, kí wọ́n ní àbúrò mi ò bímọ sáyé ni?”

“Koríko kọ́, màmá. Màámi ló gbìn ín.”

Wọ́n wo àdá ọwọ́ wọn. Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀.

Màámi kì í jẹ́ kálejò lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ta ló gba irúgbìn fenouil yẹn lọ́wọ́ wọn rí? Ẹ má tijú. Ẹni tó gbà á tí kò gbìn ín, tó ṣì wà nílé ẹ̀, òun gan-an ni mò ń wá.