Ọgbà Ewúrẹ́ Àmúsà

Afinimọ̀nà ni àwọn oníṣòwò tó ń ti Èkó wá ra ọjà ní Deira nílẹ̀ Lárúbáwá ń pe Àmúsà, orúkọ náà sì bá a mu. Kó tó di ará Sharjah, ìlú tó múlé ti Deira, ní ọdún 1991, ó ti bá àwọn tó ń wọnlẹ̀ ru ṣéènì ní Abẹ́òkúta fún ọdún mọ́kànlá. Kì í gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn òpópónà ìlú náà ní nọ́ńbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, àfi bóyá ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí ojú bá rí ni gbogbo ayé fi ń júwe ọ̀nà: ẹ̀yìn mọ́sálásí, iwájú ilé epo, ẹ̀gbẹ́ ilé aláwọ̀ ìyeyè.

Ohun tí ojú Àmúsà rí nígbà tó kọ́kọ́ dé ni òun fi ń júwe tirẹ̀. Ká má ṣì í sọ o, kì í ṣe pé ó ń parọ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó ń sọ. Òótọ́ ọdún 1991 ni. Yóò ní, "Ẹ yà níbi ilẹ̀ yanrìn tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù," ilé alájà mẹ́fà tí wọ́n ti kọ́ sórí yanrìn náà yóò sì máa wò ó láti òkè. Kì í tijú. Lójú tirẹ̀, ilé yẹn ló wá jókòó síbi tí kò kàn án.

Ní ọdún 1997, ọ̀rọ̀ vísà gbé e lọ sílé fún oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ tó padà dé gan-an ni Adétutù, ìyá Dúpẹ́olúwa, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò Èkó náà, ní kó mú òun lọ sí ilé ìkẹ́rùsí Kazeem, tó ń bá wọn kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, ní Al Qusais. Páálí mẹ́rìnlá ni ẹrù obìnrin náà, bàtà ọmọdé tó ń tan iná ní gìgísẹ̀ ló kún inú wọn. Ọjọ́bọ̀ ni. Ní aago méjì ọ̀sán, Kazeem yóò ti ilẹ̀kùn kọ̀nténà tó ń lọ sí Èkó. Ẹrù tí kò bá wọlé kí ó tó tì í, ó di lẹ́yìn Kérésì kó tó gúnlẹ̀, ta ni yóò sì ra bàtà Kérésì lẹ́yìn Kérésì?

Àwọn méjèèjì fún ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rahim, awakọ̀ píkọ́ọ̀pù, ará Pakistan.

"Ẹ̀gbọ́n Àmúsà, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ mọ ibẹ̀?"

"Ìyá Dúpẹ́, ẹ ń bú mi ni? Tí a bá ti rí ọgbà ewúrẹ́, ọwọ́ òsì ni, ẹnu ọ̀nà kẹta. Mo lè di ojú débẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì í."

Wọ́n dé Al Qusais. Àmúsà wo ọwọ́ òsì, kò rí ewúrẹ́. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ṣọ́ọ̀bù onítáyà ló rí, àti ilé tuntun tí gíláàsì rẹ̀ dúdú bí aró. Wọ́n yípo. Wọ́n tún yípo.

Adétutù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí a ń kọjá mọ́sálásí yìí. Ó kù díẹ̀ kí lèmọ́mù tẹ́ ẹní fún wa. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ béèrè."

"Lọ́wọ́ ta ni? Èmi tí mo ti wà níbí kí wọ́n tó kọ́ ilé wọn?"

Rahim tẹ bíréèkì. "Khalas!" Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n sọ ibi tí àwọn ń lọ ní pàtó, ní èdè ọjà tí gbogbo wọn fi ń gbọ́ ara wọn yé. Àmúsà kò mọ ohun tí wọ́n ń pe ewúrẹ́ ní èdè náà, ló bá ké bí ewúrẹ́, ó sì fi ọwọ́ ya ọgbà sójú afẹ́fẹ́. Ojú Rahim mọ́lẹ̀. "Yalla!" Ó ní ó yá.

Ọkọ̀ gbéra. Àmúsà gbérí sókè. "Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó mọ ìlú ló mọ̀ mí."

Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ọ̀dà títì tán, ó ku yanrìn. Níkẹyìn, wọ́n rí ọgbà ewúrẹ́ kan, ó tóbi, ewúrẹ́ inú rẹ̀ yóò tó igba.

Adétutù sọ̀kalẹ̀. "Ewúrẹ́ rèé. Ọwọ́ òsì rèé. Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ọ̀nà kẹta dà?"

Àmúsà náà sọ̀kalẹ̀. Ewúrẹ́ kan ti na ọrùn, ó ń jẹ etí páálí.

"Àbí àwọn wọ̀nyí ni mo ra bàtà fún? Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kúkú ni wọ́n, oníbàtà méjì-méjì, ọjà á yá." Adétutù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín náà tán. "Ẹ̀gbọ́n, aago kan ààbọ̀ ti kọjá. Ẹ̀yin ni mo gbójú lé."

Gbólóhùn yẹn wọ Àmúsà lára ju gbogbo ẹ̀fẹ̀ lọ. Ó ṣí fìlà, ó tọ bàbá darandaran tó jókòó sábẹ́ òjìji àgbá omi lọ, ó sì béèrè ibi tí àwọn ẹran yìí wà tẹ́lẹ̀ ní Al Qusais.

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó na ìka márùn-ún: ìgbà márùn-ún ni ilé ti lé òun. Bí òun bá ti ri igi ọgbà mọ́lẹ̀ tán, àwọn akọ́lé a dé. Ó gbà láti mú wọn lọ, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tòun tọ̀pá, ó sì ń fi ọ̀pá kan orí ọkọ̀ bí wọn yóò bá yà. Níwájú ilé onígíláàsì tó dúdú bí aró, ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ibí ni àwọn ewúrẹ́ òun ti ń mumi.

Ẹnu ọ̀nà kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Kazeem. Kazeem ti mú àgádágodo lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Àmúsà! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí yín tí ẹ kọjá, mo sì ń juwọ́ sí yín. Mo rò pé ìlú lẹ fi ń han màmá ni."

"Dákẹ́, wá gbé ẹrù."

Àmúsà fi ẹ̀yìn ti páálí ìkẹrìnlá, èyí tí ewúrẹ́ jẹ, títí ilẹ̀kùn kọ̀nténà fi gbà láti pa dé. Adétutù nu òógùn, ó sì kọjú sí i.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣì ń ra ọjà, ẹ̀yin náà lẹ óò mú mi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀la Jímọ̀, ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin adúgbò yìí já, kí n tó tún tẹ̀ lé yín."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àmúsà dé Al Qusais nínú oòrùn. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní igun, ó kí i, ó sì bi í léèrè ohun tí àwọn èèyàn fi ń júwe ibẹ̀ nísinsìnyí.

Onígbàjámọ̀ náà ní òun kò mọ̀ o, ọ̀sẹ̀ kẹta òun rèé. Kó lọ wá ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀.

Àmúsà fẹ́ sọ pé òun nìyí, ló bá rántí ọgbà ewúrẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn kejì.