Ìpè Láti Yàrá Màmá

Afinimọ̀nà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kò mọ ọ̀nà kan dájú nígboro. Tó bá wọ àdúgbò tuntun, àfi kó máa béèrè. Ẹ̀rọ ló ń fi ọ̀nà hàn, kì í ṣe èèyàn. Ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe àwọn àpótí kéékèèké tó ní kọ̀ǹpútà nínú. Nínú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá kan wà tí wọ́n ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá náà lágbára, àmọ́ afọ́jú ni. Tí wọ́n bá tan án, kò mọ ohun tí wọ́n so mọ́ òun lára. Iṣẹ́ Afinimọ̀nà ni láti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: bọ́tìnnì wà níbí, iná wà lọ́hùn-ún, tí wáyà báyìí bá ta ọ́ jí, lágbájá ló ń pè ọ́, pa ohun tí ò ń ṣe tì kí o dá a lóhùn.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Kánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọmọlúàbí. Tí o bá purọ́ fún un, irọ́ náà ni yóò máa tẹ̀ lé.

Nígbà tí àìsàn gbé bàbá rẹ̀ dè, tí ohùn rẹ̀ kò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ mọ́, tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ náà kò gbé e dáadáa, ó ṣe àpótí kan fún ilé, oníná kan sì bá a fa wáyà láti yàrá méjèèjì. Bọ́tìnnì kan wà létí ibùsùn ìyá, ọ̀kan létí ti bàbá, àpótí wà ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, aago á dún, orúkọ yàrá á yọ lójú àpótí. Lọ́jọ́ tó so ó, ó dúró ní yàrá bàbá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ aago lọ́ọ̀ọ́kán. Ó fẹ́ tẹ ti ìyá, ìyá ní, "Èyí ti dún, tèmi náà á dún. Wá jẹun, oúnjẹ ti ń tutù." Ó lọ jẹun.

Yàrá Màmá nìkan ló máa ń yọ lójú àpótí. Tó bá sáré débẹ̀, ìyá á ní, "Bàbá rẹ ló ń wúkọ́, lọ wò wọ́n." Ó gbà pé ìyá ló ń bá ọkọ rẹ̀ pè, ìyá tí kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbé ìka.

Ọ̀sán gangan ni ìyá kú, ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, aago kò dún. Ohun tó gbé ọmọ náà ró nìyẹn. Ẹni tó bá wá kí i, á sọ fún un pé, "Wọn ò jìyà. Wọn ò tiẹ̀ pè mí. Wọ́n kàn sùn lọ ni."

Lẹ́yìn ìsìnkú, aago tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Yàrá Màmá. Lákọ̀ọ́kọ́, àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré lọ: bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́, fèrèsé wà ní títì, bọ́tìnnì wà lórí ìrọ̀rí, kò sẹ́nì kankan.

Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ránṣọ, tó wá kí wọn, káwọ́ lérí. "Ìyá rẹ ló ń pè ọ́ yẹn. Má dáhùn o! Ta ní ń dá òkú lóhùn?"

"Àǹtí, wáyà ni. Wáyà míì wà tó máa ń ṣèèṣì pe ọ̀gá."

"Wáyà wo ló wá mọ yàrá ìyá rẹ?"

Ó yẹ kó yẹ àpótí náà wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: tó bá tún un ṣe, ìyá ò ní pè mọ́. Nígbà tó yá, bí aago bá ti dún, á fèsì, "Mo gbọ́ o, Màmá," á lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa ròyìn ilé fún yàrá òfìfo. Lẹ́yìn ògiri, bàbá rẹ̀ á máa wúkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó jókòó síbẹ̀, bọ́tìnnì ìyá wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Aago dún. Ó wo bọ́tìnnì náà. Aago tún dún, nǹkan kan sì ṣubú gbì ní yàrá kejì.

Ó bá bàbá rẹ̀ nílẹ̀, omi ti dànù, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Aago ń dáhùn láti ilé ìdáná.

"Mo máa ń pè ọ́," ni bàbá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Yàrá ìyá rẹ lo máa ń lọ."

Ó gbé e padà sórí ibùsùn, ó ń bẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ sì ti ń ṣírò láìrán an níṣẹ́. Oníná tó fa wáyà kà wọ́n bí èèyàn ṣe ń kà á: ti ìyá ni ìkíní, ti bàbá ni ìkejì. Kánẹ́ẹ̀lì kì í kà báyẹn. Orí òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìkíní tiwa, òdo ni lọ́dọ̀ rẹ̀, ìkejì tiwa ló ń pè ní oókan. Òun Afinimọ̀nà, tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíì níṣẹ́, fi oókan sí ìyá, ó fi eéjì sí bàbá, bó ṣe bá a nínú àwòrán oníná. Bàbá ń tẹ̀, ọ̀gá afọ́jú ń kéde Màmá.

Ti ìyá bọ́ sórí òdo. Ọmọ náà kò sọ fún ọ̀gá pé ẹnì kankan wà níbẹ̀.

Ó padà sí yàrá ìyá rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi funfun. Ilé ìdáná dákẹ́.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀. "Bàbá, lọ́jọ́ yẹn, ṣé Màmá pè?"

Bàbá yí ojú sí ògiri.

"Mo gbọ́ bó ṣe ń kérora lẹ́yìn ògiri. Mo fẹ́ tẹ tèmi. Ó ní kí n má dààmú, pé òun ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní, 'Ó ti gbọ́. Ó ń bọ̀.'"