Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Rẹ́jísítà

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti ń fa aṣọ ibùsùn jáde nínú ẹ̀rọ, tí ó ń ká a sí mẹ́rin nígbà tó ṣì gbóná, títí di aago mẹ́rin. Ibẹ̀ ló ń gbà lọ sí yunifásítì. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tí òun lè bí àwọn kan nínú wọn lọ́mọ, ń pè é ní Ìyá Ẹgbẹ́. Àwàdà ni tẹ́lẹ̀, ó wá mọ́ ọn lára bí orúkọ àbísọ.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ni ẹgbẹ́ náà, ó sì ti ṣe akọ̀wé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ ìpàdé, òun ló ń to àga, òun náà ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rẹ́jísítà, tí á na bírò sí ẹni tó bá ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ kọjá, á fà á láṣọ padà. "Ìwọ, ṣé iwin ni ọ́ ni? Buwọ́ lù ú kó o tó jókòó."

Lọ́dún yìí ó ní òun fẹ́ ṣe ààrẹ. Kì í ṣe tìtorí oyè. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti yàrá ìkàwé ẹ̀ka wọn, aago méje ààbọ̀ sì ni àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ń jáde ní kíláàsì. Ó ti kọ lẹ́tà mẹ́rin sí ẹ̀ka lórí rẹ̀, kò rí èsì kankan. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ààrẹ ẹgbẹ́ nìkan ló ń bá àwọn olùkọ́ jókòó níbi ìpàdé ẹ̀ka. Ó fẹ́ débẹ̀, kó wí i lójú wọn pé kí wọ́n ṣí i di aago mẹ́sàn-án.

Ọmọkùnrin kan ló ń bá a du ipò náà, Ẹlẹ́nu Oyin ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ìdìbò ku ọ̀la, obìnrin náà jókòó sí ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, ó ń yẹ rẹ́jísítà wò. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ dupò gbọ́dọ̀ ti wá sí ìpàdé mẹ́fà láàárín ọdún, ìbuwọ́lù inú rẹ́jísítà sì ni ẹ̀rí. Òun fúnra rẹ̀ ló dá òfin náà lábàá, nígbà tí àlejò kan tí wọn kò rí rí fẹ́ wá gba ipò lọ.

Ó ka ti Ẹlẹ́nu Oyin: mẹ́jọ. Ó wá tirẹ̀. Ó ṣí ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Odidi ọdún kan ló fi na bírò sí gbogbo ayé, kò sì fi kọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

Ó sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín.

"Ṣé àyè ò sí nísàlẹ̀ ewé yẹn ni?"

"Àyè wà."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà náà. Ṣebí ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?"

"Kò sírọ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan tó fẹ́ dupò wá bẹ̀ mí. Ìpàdé márùn-ún ló buwọ́ lù, ó ní òun gbàgbé ẹ̀kẹfà ni. Mo mọ̀ pé ó wá, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Mo ní ohun tí ìwé bá wí, abẹ gé ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu oúnjẹ sí àwo. "Báyìí náà lo ṣe máa ń fi ọwọ́ ara ẹ ṣe ara ẹ," ló wí. "Wá jẹun."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó dìde níwájú ìpàdé, ó ní orúkọ òun kò sí nínú rẹ́jísítà, òun kò lè dupò mọ́.

"Ìyá Ẹgbẹ́, ta ni ò rí yín?" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká nawọ́, ká gbójú fo òfin yẹn."

Ọwọ́ ń lọ sókè. Ọmọ tó dá padà lọ́dún tó kọjá wà láàárín wọn, òun náà nawọ́. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀," ló wí. "Bí ẹ bá fò ó fún mi, á jẹ́ pé mo rẹ́ ẹnì kan jẹ." Ó jókòó. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún láti àárọ̀.

Bí Ẹlẹ́nu Oyin ṣe di ààrẹ láìsí alátakò nìyẹn. Ó sọ̀rọ̀ títí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bí èrò ṣe ń jáde, ó wá bá a.

"Mà, ẹ ṣì máa bá wa ṣe akọ̀wé, àbí?"

"Rárá. Ó ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ wo ni ìpàdé ẹ̀ka?"

"Wọ́n ní Ọjọ́rú."

"Sọ ọ̀rọ̀ yàrá ìkàwé fún wọn."

"Kí ló ṣe yàrá ìkàwé, mà?"

Ó wò ó. Ọmọ náà kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀sán ló ń wá kíláàsì, kò dé ẹnu ilẹ̀kùn náà kó bá a ní títì rí. Síbẹ̀, ìpàdé mẹ́jọ tó buwọ́ lù yẹn, wọ́n ka àwọn lẹ́tà tí obìnrin náà kọ sétí rẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, mà. Màá kà á fún wọn."

"Ìwọ ni kó o kọ ọ́. Fa àga yẹn. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè, mi ò ní sí níbẹ̀."

Ọmọ náà wo fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fa àga. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti orí aago tí wọ́n ń tilẹ̀kùn, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ ọmọ náà lè bá a. Nígbà tí wọ́n dé orí iye àwọn tó ń wá kíláàsì lẹ́yìn iṣẹ́, ọmọ náà ní, "Ẹ tún un pè, mà."

Ó tún un pè.