Olúsànyà àti Ilẹ̀ Igbó tí Ọkọ́ Kò Tíì Kàn

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ni Ẹnjiníà Abdulmajeed kọ́kọ́ pàdé olóògbé Olúsànyà, olùkọ́ kẹ́mísírì tó ti fẹ̀yìn tì, nínú agboolé wọn ní Bẹẹrẹ. Olùkọ́ tẹ́ pépà funfun sí àgbàlá, ó sì sá ilẹ̀ tí ó bù wá láti inú igbó ìdílé wọn, lọ́nà Ìdí-Ayùnrẹ́, sórí rẹ̀ kí ó lè gbẹ fún àyẹ̀wò. Àlejò kò wolẹ̀. Bàtà rẹ̀ bọ́ sí àárín ilẹ̀ náà gan-an.

“Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dúró! Ibo ni ẹ gbà wá?”

“Ògùnpa ni, sà. Ẹ má bínú. Ṣebí ilẹ̀ lásán ni?”

“Ilẹ̀ igbó ni kí ẹ tó dé. Ó ti di Ògùnpa báyìí.”

Olúsànyà da gbogbo rẹ̀ nù. Orúnkún ń dùn ún, ọ̀nà sì jìn, ṣùgbọ́n ó ní òun yóò padà lọ bu òmíràn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò kéré. Ilé-iṣẹ́ Ẹnjiníà fẹ́ ra igbó náà, kí wọ́n gé gbogbo igi rẹ̀, kí wọ́n sì máa wa ilẹ̀ rẹ̀. Ẹnjiníà ti bu ilẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti sọ fún Àlàájì Màmúdù, oníṣòwò awọ ní Ọjà'ba tó jẹ́ mọ́gàjí, ìyẹn olórí ìdílé Olúsànyà, pé àwọn èròjà kan tí wọ́n fi ń ṣe fóònù àti sípíkà wà nínú rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Gbogbo àgbà ilé ti fọwọ́ sí títà. Olúsànyà nìkan ló kù, wọn kò sì lè tà á láìsí ọwọ́ tirẹ̀.

“Títíṣà, fọwọ́ sí i kí á sinmi,” ni mọ́gàjí wí nípàdé. “Ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n pè é!”

“Ìlọ́po mẹ́ta kí ni, ẹ̀gbọ́n?”

“Ti ilẹ̀ ni!”

“Ilẹ̀ wo? Bí mo bá ní mo ga ní ìlọ́po mẹ́ta, ṣé ẹ kò ní í wò ó bóyá ewúrẹ́ ni mo dúró tì?”

Ó ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ilẹ̀ igbó tí díẹ̀ nínú àwọn èròjà wọ̀nyí kò sí. Láti ara àpáta tó ti jẹrà ni wọ́n ti wá, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ibẹ̀ dó. Ìwọ̀n àdánidá yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́ méjì: bí ilẹ̀ àárín igbó, tí ọkọ́ kò kàn rí, bá rí bí èyí tí Ẹnjiníà bù, òun yóò fọwọ́ sí i, òun kò sì ní í jiyàn mọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ gbọ́.

Mọ́gàjí àti Ẹnjiníà bá a lọ sí igbó. Ní ẹnu ọ̀nà, Olúsànyà ní irin kankan kò gbọdọ̀ súnmọ́ ilẹ̀ náà. Ó gba aago ọwọ́ Ẹnjiníà, ó gba òrùka mọ́gàjí. Ìgbà náà ni ó rántí eyín wúrà tó wà lẹ́nu mọ́gàjí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu dé títí a ó fi ṣe tán.”

Àwọn ará ilé ṣì ń sọ ọ́ pé ọjọ́ yẹn nìkan ni Àlàájì Màmúdù dákẹ́ láyé rẹ̀.

Ṣíbí onígi ni olùkọ́ fi bu ilẹ̀. Karimat, ìyàwó mọ́gàjí, ti ń wá ṣíbí náà láti àárọ̀, ó sì ti pè é lórí fóònù kí wọ́n tó wọ igbó. “Bàbá Títíṣà, ṣíbí ọbẹ̀ mi dà?”

“Ó rìnrìn àjò.”

“Kí wá ni kí n fi ro ọbẹ̀?”

“Ẹ fi sùúrù rò ó.”

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó ní kí Ẹnjiníà fi ibi tí ó ti bu ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ hàn án. Ẹ̀yìn ahéré àtijọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà ni.

“Ta ni ó mú yín wá síbí?”

“Àlàájì ni, sà.”

Mọ́gàjí la ẹnu. “Àlejò mà ni! Ṣé kí n wá ti àlejò sínú ẹ̀gún ni? Ibòji wà níbí, ó sì súnmọ́ mọ́tò.”

Olúsànyà wo inú ahéré. Òrùlé rẹ̀ ti wó, àpò fatiláísà ìdílé sì ti bẹ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òjò ti ń fọ̀ ọ́ wọ ilẹ̀. Ó bu ilẹ̀ ẹ̀yìn ahéré, ó sì bu èyí tó kù nínú àpò náà pẹ̀lú.

Òun àti Ẹnjiníà ni wọ́n jọ gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ní ọjọ́ tí èsì dé, ìdílé péjọ. Olúsànyà ti gbé bírò sórí itan, kí ó lè mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ bí ó bá di dandan. Ẹnjiníà ló kà á fún wọn. Ilẹ̀ àárín igbó kò ní ju ohun tí igbó mìíràn ní lọ. Ti ẹ̀yìn ahéré jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ti inú àpò ju gbogbo wọn lọ, torí ara àpáta tí èròjà wọ̀nyí pọ̀ sí ni wọ́n ti ń ṣe fatiláísà.

Ẹ̀rín pa Ẹnjiníà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀yin bàbá, fatiláísà yín ni ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ rà!”

“Kò burú,” ni mọ́gàjí dáhùn. “Èló ni ẹ ó rà á?”

Ilé-iṣẹ́ náà kò padà wá mọ́. Igbó wà níbẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí àìsàn dá olùkọ́ dùbúlẹ̀ lọ́dún 2023, mọ́gàjí ni ó máa ń jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì a máa jiyàn lórí ohun gbogbo, láti orí ọ̀rọ̀ òjò dé orí iye ọdún tí ilé wọn ti wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mọ́gàjí kò jiyàn. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ní òun fẹ́ gbin igi tíìkì sí àárín igbó náà ní orúkọ rẹ̀, kí wọ́n má baà gbàgbé rẹ̀. Olúsànyà dá a lóhùn.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má gbìn ín. Ẹ jẹ́ kí ibì kan wà tí a kò fi nǹkan kan kún, tí a kò sì mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè rí ohun tí wọn yóò fi díwọ̀n ilẹ̀ tiwọn.”