Àwọn Aṣọ Tó Ti Inú Bàálù Wá

Kóòtù mi kan tí epo ta sí ló mú mi mọ obìnrin kan tó ń fọṣọ. Mo gbé e lọ sí ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn pápákọ̀ òfuurufú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin àti epo yìí, ta ló kọ́kọ́ na ẹnì kejì?" Màmá Má-jẹ̀ẹ́-kó-rún ni àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é, torí pé ara rẹ̀ kì í gba aṣọ tó rún.

Ọdún kejì tí mo mọ̀ ọ́n ni bàálù kan já. Kùrukùru bo ilẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàálù náà ń bọ̀ wá balẹ̀, ó wá sílẹ̀ jù, ó fi ìyẹ́ gbá igi, ó sì já sínú oko kan tí kò jìnnà sí pápákọ̀. Èèyàn mẹ́rìnléláàádọ́rin ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yè.

Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣe tán, wọ́n kó ẹrù tí iná kò jó wá fún Màmá pé kó fọ̀ ọ́, kí wọ́n lè dá a padà fún àwọn ẹbí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ń fọ̀ ọ́, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń rán bọ́tìnnì tó já. Ẹ̀yìn ń ro ó, apá ò fẹ́ gbé mọ́. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ní kó sinmi, á ní, "Kí ni mo tún lè ṣe fún wọn? Jẹ́ n fọṣọ, jàre."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá kan wá gba ẹrù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbé súwẹ́tà kan fún un, ó mọ́ tónítóní. Obìnrin náà gbé e sí imú. Ó tún gbé e sí imú.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́?"

"Ẹrẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹrẹ̀ kẹ̀! Ṣé ẹrẹ̀ ni mo bá yín sọ? Òórùn ọmọ mi dà? Ọṣẹ ni mò ń gbọ́!"

Màmá ní kó jókòó, ó sì wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ló kù tí wọn kò tíì fọ̀. Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà ìjókòó tí wọ́n so mọ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan, bóyá á rí ìbọ̀sẹ̀ kan péré. Kò rí nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fọ gbogbo ẹrù ọmọ náà ṣáájú ti àwọn yòókù, torí ó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀, kò sì fẹ́ kí ó bá ẹrẹ̀ lára wọn.

Ó padà wá. "Ẹ má bínú. Kò ku nǹkan kan. Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Obìnrin náà wò ó títí. "Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́," ló wí, ó sì ká a sínú báàgì rẹ̀.

Màmá kò fi ọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta yẹn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ bi àwọn ẹbí tó ni wọ́n. Ìdílé mẹ́sàn-án ní kí wọ́n gbé tiwọn wá bó ṣe rí.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, ọmọ náà ló sì ń fọṣọ fún un.