Fẹ́yìsetán Ará Jerúsálẹ́mù

Jerúsálẹ́mù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe họ́sítẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n ní ẹni tó bá débẹ̀ ti rin ìrìn àjò mímọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Kàbà ló ni ín, ṣùgbọ́n tó o bá dúró níbi tí yàrá ẹ̀kọ́ àti ilé oúnjẹ wà, o ò ní rí òrùlé rẹ̀. Oko kajú ló kọ́kọ́ bò ó. Lẹ́yìn oko kajú, odò kékeré. Lẹ́yìn odò, abúlé. Lẹ́yìn abúlé ni Jerúsálẹ́mù ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Látìgbà tí òjò èṣí ti gbé afárá lọ, ọlọ́kadà kankan kì í dé ìhà ibẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ ni.

Fẹ́yìsetán kò fi bẹ́ẹ̀ kórìíra ìrìn náà. Ọmọ Ògìdì ni, ẹsẹ̀ ló fi dàgbà. Ohun tó ń dá a dúró ni abúlé. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, èèyàn kì í gba iwájú ilé àgbà kọjá bí ewúrẹ́. O máa dúró. O máa kúnlẹ̀. O máa kí wọn. "Okun o." Wọ́n á dáhùn. Wọ́n á béèrè ìyá rẹ. Wọ́n á béèrè bàbá rẹ. Wọ́n á béèrè iṣu, àti òjò, àti ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ lọ́jọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ilé kejì.

Hephzibah, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, á kàn juwọ́ ni, á sì kọjá.

"Kí wọn dáadáa o," á sọ. "Tó o bá kí tàárọ̀ tán, kó o kí wọn kú ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn."

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó ń bà á lẹ́rù. Dókítà Moses, tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń so ẹ̀ka igi kan mọ́ ara igi mìíràn, kò fẹ́ràn apẹ́lẹ́yìn. Ó ti kìlọ̀ fún gbogbo kíláàsì. "Lọ́jọ́ ìdánwò, tí mo bá ti tilẹ̀kùn, mo ti tì í nìyẹn. Ẹni tó bá wà níta, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún ìkẹyìn Fẹ́yìsetán nìyí. Nílé, Testimony àbúrò rẹ̀ ń bá ìyá wọn ṣiṣẹ́ oko, ó ń dúró. Agbára ìyá kò gbé ẹni méjì nílé ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ̀gbọ́n jáde kí àbúrò tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín in.

Ìdí nìyẹn tó fi dá ọgbọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà lórí ẹní. Ojú ọ̀nà lá ti kí wọn, inú ilé ni wọ́n á ti dáhùn. Kò sẹ́ni tó lè béèrè ìyá ẹni láàárín ògiri.

"Okun o, Ìyá Adédùntán!"

"Okun, ọmọ Ògìdì! Ṣé àkùkọ gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ ni? Oòrùn ò tíì yọ!"

Ẹ̀rín. Ó ti lọ.

Ilé Bàbá Ọláníran ló kẹ́yìn, lẹ́bàá odò. Ó ń dá gbé; ìyàwó ti kú, àwọn ọmọ wà ní Àbújá. Ikọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn, kí ohùn rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Láràárọ̀.

Àyàfi àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò.

"Okun o, Bàbá."

Kò sí ikọ́.

"Bàbá, okun o!"

Kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀kùn padé, okùn tí bàbá fi máa ń so ó nígbà tó bá jáde kò sí lára rẹ̀.

"Ó ń sùn ni," Hephzibah sọ. "Jẹ́ ká máa lọ."

"Kì í sùn dé àsìkò yìí."

"Fẹ́yì. Ìdánwò."

"Mo mọ̀."

Ẹni tí a kí tí kò dáhùn, ìjà ni tàbí nǹkan ti ṣe é. Bàbá Ọláníran kò bá a jà. Hephzibah dúró díẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó wò ó. Ó lọ. Kò burú.

Fẹ́yìsetán ti ilẹ̀kùn wọlé. Ẹní wà nílẹ̀, aṣọ ìbora wà lórí ẹní, bàbá kò sí níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìnkùlé. Ó wo balùwẹ̀. Ó sáré padà pe Ìyá Adédùntán, àwọn méjèèjì sì ń wá a kiri, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò títí oòrùn fi ga.

Abẹ́ igi kajú tirẹ̀ ló wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn olè ti ń ṣáájú rẹ̀ dé ìdí igi náà. Lọ́jọ́ yẹn ó sọ pé òun náà á ṣáájú wọn, kò tilẹ̀ rántí okùn ilẹ̀kùn.

Ó gbójú sókè. "Ta ló kú?"

"Ìwọ ni!" Ìyá Adédùntán pariwo. "Ọlọ́run ò ní dárí jì ọ́, arúgbó yìí!"

Fẹ́yìsetán kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Eré. Odò. Oko kajú. Nígbà tó dé ọ̀hún, wọ́n ti tilẹ̀kùn.

Ó kànkùn. Dókítà Moses yọjú lójú fèrèsé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo kí bàbá kan ní abúlé, sà. Kò dáhùn."

"Ó ti kú?"

"Rárá, sà. Ó ń ṣa kajú."

Ọmọ Ìsánlú ni Dókítà Moses, "okun" ni wọ́n ń kí níbẹ̀ náà. Ó mọ ohun tí Fẹ́yìsetán ń sọ.

"Ká ní nǹkan ṣe é ni," ó sọ, "n bá rí ìdí tí n ó kọ sílẹ̀."

Ó pa fèrèsé dé.

Fẹ́yìsetán jókòó sábẹ́ igi. Torí kó lè bá bàbá láàyè ló ṣe dé ìdí kajú. Ó sì wà láàyè. Kò sí ohun tó yẹ kó dùn ún níbẹ̀. Ó ń dùn ún. Nígbà tó ń padà lọ, Bàbá Ọláníran ti jókòó síwájú ilé.

"Ìdánwò ńkọ́, ọmọ mi?"

"A dúpẹ́, Bàbá."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í gbé irú ẹrù yẹn lé àgbàlagbà lórí.

Ó pe Testimony lórí fóònù láti Jerúsálẹ́mù, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Testimony bi í léèrè.

"Ṣé ẹ ò lè kọjá ni?"

"Ó wù mí kí n kọjá. Ẹsẹ̀ mi ló dúró kí n tó rò ó."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ yín ti gba ọdún kan lọ́wọ́ mi."

Òótọ́ ni. Fẹ́yìsetán kò jiyàn. Ó ní kó má bínú. Testimony ní òun bínú. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ èémí ara wọn, kò sì sí ẹni tó pa fóònù.